Kì í Ṣe Ọgbọ́n Ikán Ló Ń Mú Ilé Eastgate Tutù

Ọ̀pọ̀ fíìmù ẹ̀kọ́ àti ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ ọ́ pé ikán ló kọ́ àwọn ayàwòrán-ilé bí ilé ńlá ṣe lè tutù láìlo ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n á ní inú ọ̀gán kì í gbóná jù, kì í sì í tutù jù, yípo ọdún, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba òkè jáde bí afẹ́fẹ́ tútù ṣe ń gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ilé Eastgate ní Harare, olú-ìlú Zimbabwe, èyí tí Mick Pearce yàwòrán rẹ̀ tí wọ́n sì ṣí ní 1996, ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Ilé náà tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ nípa ikán kò rí bẹ́ẹ̀.

Martin Lüscher, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Switzerland, ló sọ àlàyé yìí di olókìkí ní 1961. Lójú tirẹ̀, ooru tó ń jáde lára ikán àti lára olú tí wọ́n ń gbìn sínú ilé wọn ló ń ti afẹ́fẹ́ sókè, tí afẹ́fẹ́ náà yóò fi tutù lẹ́bàá ògiri kí ó tó padà sísàlẹ̀. Àbá tó mọ́gbọ́n dání ni. Àmọ́ nígbà tí àwọn olùwádìí méjì, J. Scott Turner àti Rupert Soar, yẹ ọ̀gán irú ikán kan tí wọ́n ń pè ní Macrotermes michaelseni wò ní àríwá Namibia, wọ́n rí i pé ilẹ̀ tó yí ilé ikán ká ni ìwọ̀n ooru inú rẹ̀ ń tẹ̀ lé, débi pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà òtútù àti ìgbà ooru ju 10°C lọ. Òkìtì irú ikán yìí kò tilẹ̀ ní ihò gbangba kankan lórí. Abẹ́ òkìtì, nínú ilẹ̀, ni àwọn ikán fúnra wọn ń gbé, ẹni tó bá sì ti wú ọ̀gán dé ìdí rí kò ní jiyàn èyí.

Mímí ni iṣẹ́ òkìtì náà. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lù ú, tó ń le tó sì ń dẹ̀, ló ń ru afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń ṣe láyà wa. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015, lórí ọ̀gán irú ikán mìíràn, Odontotermes obesus, ní Íńdíà, fi hàn pé afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì gòkè lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá mú ògiri gbóná, ó sì ń gba àárín gòkè lóru nígbà tí ògiri bá tutù. Ìyípadà ọ̀sán sí òru ló ń darí rẹ̀, kì í ṣe ooru ara ikán.

Ní Eastgate, fáànù ni. Lóru, fáànù ń fa afẹ́fẹ́ tútù gba abẹ́ ilẹ̀ àjà kọ̀ọ̀kan nínú ilé náà, èyí tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, kọnkéré náà yóò tutù, yóò sì máa gba ooru ọ́fíìsì sára ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Harare ló mú kí èyí ṣeé ṣe, nítorí pé ìlú náà ga tó nǹkan bíi mítà 1,500 sí ojú òkun, òru rẹ̀ sì máa ń tutù gan-an ju ọ̀sán lọ. Etí òkun ni Èkó wà ní tirẹ̀, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀, ooru ọ̀sán kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀ lóru, nítorí náà ayàwòrán-ilé tó bá gbé Eastgate bẹ́ẹ̀ wá sí Èkó yóò ṣì ní láti ra ẹ̀rọ amúlétutù.