Ẹ Gbé Máìkì fún Ọmọ Pneumono

Níbi ọjọ́ ìbí ọmọ lóde òní, ijó kọ́ ló ń pa owó mọ́. Bí wọ́n bá ti gé kéèkì tán, ìyá á ti ọmọ síwájú, baba á na fóònù sókè, olùdarí ètò á gbé máìkì sí i lẹ́nu: "Ó yá, pè é!" Ọmọ ọdún mẹ́fà á mí kanlẹ̀, á sì tú u jáde: pneumonoultramicroscopicsilicovolcanoconiosis. Ariwo á ta. Náírà á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí.

Sílébù 19 ni. Bó bá fo mẹ́rin láàárín, ta ni yóò mú un? Olóyìnbó a máa sáré kọjá lórí èyí tó pọ̀ jù, á wá tẹnu mọ́ "o" tó ṣáájú "sis". Tiwa kọ́ nìyẹn. Ohùn òkè la fi ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ẹni ń kiri ẹ̀wà. "P" iwájú tí òyìnbó kì í pè rárá, bùrọ̀dá wa á fi gbogbo ètè gbá a: "Pí-níú!"

Ti ṣọ́ọ̀ṣì ló wù mí jù. Ọmọ pásítọ̀ pè é lọ́jọ́ ìkórè, ìjọ hó halelúyà. Pásítọ̀ yìí kan náà ló yọ "Ògún" kúrò lára orúkọ ìdílé rẹ̀, tó fi "Jésù" rọ́pò. Bẹ́ẹ̀ sì ni "volcano" inú ọ̀rọ̀ náà, ara orúkọ Vulcan ló ti wá, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́. Wọ́n lé Ògún gba ẹnu ọ̀nà, Ògún òyìnbó gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n tún ná an lówó!

Àìsàn tí eruku òkúta ń fà nínú ẹ̀dọ̀fóró ni gbogbo gígùn yẹn ń sọ. Silicosis ni dókítà ń kọ, lẹ́tà 9 péré. Everett Smith, olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ pa àlọ́ ní Amẹ́ríkà, ló gbé lẹ́tà 45 kalẹ̀ lọ́dún 1935, kó ṣáà lè gùn ju gbogbo ọ̀rọ̀ lọ. Eré ọwọ́ àgbà ni. Àwọn tó ń fọ́ òkúta, tí wọ́n ń fa eruku rẹ̀ símú látàárọ̀, ikọ́ tiwọn ò tíì pa kọ́bọ̀ lóde àríyá kankan.

Àǹtí kan ládùúgbò wa ò fẹ́ kí wọ́n borí òun. Hippopotomonstrosesquippedaliophobia ló ń kọ́ ọmọ tirẹ̀, ìyẹn ìbẹ̀rù ọ̀rọ̀ gígùn. Ọmọ ọ̀hún ti ń sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bó bá ti rí i.