Fáda tó kọ́ òfin Ìjọ kì í tú ìgbéyàwó ká

Lẹ́yìn Máàsì ni ẹ̀gbọ́n kan sọ ọ́: "Tówó bá ti wà lọ́wọ́ ẹ, lọ bá Fáda tó kàwé òfin yẹn, á bá ẹ kọ ọkọ ẹ sílẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ iṣẹ́ Fáda yẹn kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìjọ Kátólíìkì kò ní ìkọ̀sílẹ̀. Bí ìgbéyàwó àwọn méjì tó ti ṣèrìbọmi bá ti múlẹ̀, tí wọ́n sì ti bára wọn sùn, Póòpù gan-an kò lè tú u, àfi ikú. Ohun tí kóòtù Ìjọ ń wádìí ni bóyá ìgbéyàwó ọ̀hún tiẹ̀ múlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Obìnrin á dé, á ní ọkọ òun ń lu òun, pé ó ti kó lọ sọ́dọ̀ obìnrin míì. Ọ̀rọ̀ tó dunni ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni Fáda máa dà á sí: "Ta ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sílẹ̀? Ṣé wọn ò fipá mú yín? Kí lọkọ yín ń sọ nípa ọmọ bíbí kẹ́ ẹ tó dé pẹpẹ?" Tó bá jẹ́ pé oyún ló dé, tí bàbá ìyàwó fi ìhàlẹ̀ wọ́ ọkọ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹjọ́ wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ tinútinú ni wọ́n fi fẹ́ra, tí ìwà wá bàjẹ́ lọ́dún kẹwàá, ìgbéyàwó ṣì dúró.

Òun nìkan kọ́ ló ń dá a. Adájọ́ mẹ́ta ló sábà máa ń jókòó, ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbèjà ìgbéyàwó náà lọ. Olórí kóòtù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ àlùfáà tó ti pé ọmọ 30 ọdún, tó sì gboyè nínú òfin Ìjọ, ìyẹn ìwé òfin 1983 tó ní abala 1,752. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ ọ lẹ́yìn sẹ́mínárì, Látìn wà ńbẹ̀!

Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká wo Ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ́ wa níléèwé pé Póòpù kò jẹ́ kó kọ Catherine ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Ìkọ̀sílẹ̀ kọ́ ló béèrè. Ìyàwó Arthur, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú ní 1502, ni Catherine; Henry fẹ́ ẹ ní 1509, lẹ́yìn tí Póòpù Julius Kejì ti yọ̀ǹda. Opó ṣíṣú ni tiwa ń jẹ́! Nígbà tó sú u, ó ní ìyọ̀ǹda yẹn kò tọ́, pé òun kò gbéyàwó rí. Ọba tòun towó, Róòmù ò gbà fún un. (Ká má purọ́, òṣèlú wọ̀ ọ́: Charles, ọba alágbára, ọmọ ẹ̀gbọ́n Catherine ni.) Ní 2015, Póòpù Francis tún dín ìgbésẹ̀ ẹjọ́ kù, ó sì ní kí wọ́n sapá kó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Wọn kì í di ọmọ àlè. Abala 1137 kò fi ìyẹn pa mọ́.

Ìgbéyàwó tẹ́ ẹ ṣe lábẹ́ òfin ìjọba sì rèé, ìdájọ́ Fáda kò kàn án. Kóòtù ìjọba lẹ máa gbé ìyẹn lọ.