Ìṣẹ́jú 12, ohùn márùn-ún péré!

Ó tún ti ṣẹlẹ̀ o! Agbo rọ́ọ̀kì ní Àjàṣẹ́ níbí, orin ń dùn bọ̀, akọrin dákẹ́ kí onígìtá lè dá tirẹ̀ ta díẹ̀, ó parí! Ìṣẹ́jú 12! Ohùn márùn-ún kan náà, lókè-lódò, lókè-lódò, bí ẹni ń gún iyán tó kọ̀ tí ò kúnná.

Ẹ̀yin onígìtá, ta ló ní kí ẹ yí bọ́tìnnì ariwo gìtá dé 10, òpin rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀? Ibo lẹ tún fẹ́ gùn lọ? Ẹ fi sí 6, ẹ fi ohùn mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, ẹ dánu dúró kí onílù fèsì. Ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló ń ya! Oníbéèsì tó ń ta gìtá ohùn ìsàlẹ̀ náà á fi ìdí orin sílẹ̀, á máa sáré lókè pẹ̀lú yín. Ta ló wá di òpó ilé mú? Ṣé ẹ ò rí àwọn àyàn ni? Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, omele ò kúrò nídìí iṣẹ́ ẹ̀!

Àmì tí akọrin fi ń mọ̀ pé ó yá láti padà wọlé ńkọ́? Kò sí! Onílù ń wojú yín, ẹ ti dijú. Akọrin wọlé láìtọ́jọ́, gbogbo ẹ̀ dàrú. Kí ẹ gbé ọrùn gìtá sókè nígbà tó bá ku kí ìlù dún lẹ́ẹ̀mẹjọ, ṣé ó wúwo ni?

Gígùn nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀! Allman Brothers, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà, ta orin kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 23 ní gbọ̀ngàn Fillmore East, New York, ní oṣù kẹta 1971. Gìtá méjì, wọ́n ń gbọ́ ara wọn!

Ẹ lajú, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ lajú!