Agbára Ń Ṣófo, Ìjọba Ń Ṣọ́ Kẹ́ẹ̀gì

Láti ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, 2023 tí Procter & Gamble, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe Ariel àti Pampers, ti sọ pé òun kò ní ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé kíkó ni òun yóò máa kó o wọlé, ni àwọn aláṣẹ ti káwọ́ lórí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ká a. Ilé iṣẹ́ olówó gọbọi, nǹkan bí 300 mílíọ̀nù dọ́là, tí ó ṣí sí Agbára, ìlú ilé iṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní 2017 ti ti ilẹ̀kùn ní 2018. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Unilever fi ṣíṣe Omo, Sunlight àti Lux sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, GlaxoSmithKline, ilé iṣẹ́ oògùn tí orúkọ rẹ̀ àti ti Agbára ti jọ ń rìn tipẹ́, ní òun náà ń lọ. Ẹni tí ó bá ní òjijì ni ọ̀rọ̀ yìí bá òun, kí ó júwe ibi tí ó sùn sí fún wa.

Wọ́n ní dọ́là ni. A ò jiyàn. Náírà tí ó wà ní nǹkan bí 471 sí dọ́là kan fò kọjá 600 ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù Kẹfà 2023. Ṣùgbọ́n dọ́là kọ́ ló gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà.

Ẹ wo iṣẹ́ ìgò, ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí ó ṣì ń mí ní Agbára. Iná ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ yanrìn di gíláàsì gbóná tó 1,500 lórí ìwọ̀n Celsius. Tọ̀sán-tòru ni ó ń jó, fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé bí ó bá tutù, gíláàsì yóò dì sínú rẹ̀, bíríkì ibẹ̀ yóò sán, àtúnkọ́ ló kù. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró de típà yanrìn tí ó rì sínú ẹrẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi ní ṣíwọ́ igbe lórí ọ̀nà Àtàn sí Lùsadà sí Agbára títí iṣẹ́ ibẹ̀ yóò fi parí pátápátá. Omi ni ọ̀tá ọ̀nà yẹn. Bí a bá da ọ̀dà sórí amọ̀ láìla gọ́tà, omi òjò yóò wọ abẹ́ rẹ̀, amọ̀ yóò rọ̀, tírélà tọ́ọ̀nù 30 yóò tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀. Gọ́tà ni kí a kọ́kọ́ là, kí a kó amọ̀ rírọ̀ kúrò, kí a fi òkúta rọ́pò rẹ̀, ká tó sọ̀rọ̀ ọ̀dà.  Èyí tí ẹ bá kàn rọ́ yanrìn pupa dí ní ẹ̀ẹ̀rùn, òjò àkọ́rọ̀ ni yóò gbé e lọ.

Èyí tí ó wá sú wa jù ni ti epo. Ní oṣù Kọkànlá, 2019, kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ já epo sí ilé epo kankan tí kò tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè, ì báà ṣe tanki kékeré. Àwáwí ìgbà náà ni pé epo 145 náírà lítà kan, tí ìjọba ń san owó ìrànwọ́ lé lórí, ni àwọn onífàyàwọ́ ń kó lọ sí Benin. Ó dáa. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2023 ni Ààrẹ Tinubu ní owó ìrànwọ́ ti lọ. Epo di 617 náírà. Títí di ìparí 2023, àṣẹ ṣì wà níbẹ̀. Kí ni ó ń ṣọ́?

Ní Ìpókíá àti Ìdìrókò títí dé Imẹ̀kọ, ẹ̀gẹ́ tí a bá wú kò ní dúró ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kí inú rẹ̀ tó dúdú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ín, bẹntiróòlù ni ó ń mu. Oníṣẹ́ gààrí yóò gun ọ̀kadà lọ ra kẹ́ẹ̀gì lítà 25 lọ́nà jíjìn, kọ́sítọ́ọ̀mù yóò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹrù tí òfin kà léèwọ̀. Onífàyàwọ́ gidi kì í tò sí ilé epo. Ọ̀nà inú igbó ni ó ń gbà lóru. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ agbègbè yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ oúnjẹ ń wá. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ fi ọwọ́ ara yín gé okùn tí ó so oko mọ́ Agbára, ẹ wá ń bi wá léèrè pé kí ló dé tí ọjà wọ́n!

Àlejò pàápàá kò bọ́. UNESCO ti kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 2008 fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Kétu ti Benin àti Imẹ̀kọ ti Nàìjíríà tí ń jó o, ọmọ ìyá ni wọ́n kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó fa ìlà sí wọn láàárín ní 1889. Láti 1979 ni ECOWAS ti ní kí ọmọ orílẹ̀-èdè wọn lo 90 ọjọ́ ní orílẹ̀-èdè ẹlẹgbẹ́ láìgba físà. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin gba Igolo wọ Ìdìrókò láti wá wòran, ìdènà ojú ọ̀nà ni yóò máa kà: kọ́sítọ́ọ̀mù, ọlọ́pàá, sójà, wọ́n á tún yẹ ẹ́ wò bíi pé ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú fọ́jú. Ti Badagry, pẹ̀lú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì 1845 rẹ̀, kò yàtọ̀. Òpópónà Èkó sí Badagry tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ní 2009 kò tíì parí ní ìparí 2023.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni a óò bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba kó gbogbo ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà sójú kan, kí wọ́n sì kéde ibẹ̀? Ti epo rọrùn ju ìyẹn lọ. Ìwé kan ni kọ́sítọ́ọ̀mù fi gbé e kalẹ̀. Ohun tí a béèrè ní ìparí 2023 ni pé kí Adéwálé Adéníyì, ọ̀gá àgbà wọn nígbà náà, buwọ́ lu òmíràn kí ọdún tó yí, láìgbé ìgbìmọ̀ kankan dìde, kí ilé epo Ìdìrókò lè já epo ní oṣù Kìíní 2024.