Ikú Ilé Àwọn Khmer

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Níbi ìjà ẹbí la ti sábà máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n àwọn Khmer tó ni ilẹ̀ Kàmbódíà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Tòde ló kọ́kọ́ kàn wọ́n. Lọ́dún 1177, àwọn Cham, aládùúgbò wọn láti ibi tó di Vietnam lónìí, gba ojú omi wọlé, wọ́n kó Angkor, olú-ìlú wọn, wọ́n sì pa ọba. Nígbà tó fi máa di 1181, Jayavarman Keje ti gorí ìtẹ́, ó tún ìlú kọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òkúta tí wọ́n kọ̀wé sí láyé rẹ̀ ka ilé ìwòsàn 102. Siam, tí à ń pè ní Thailand lónìí, kó Angkor ní 1431. Faransé dé ní 1863, wọ́n lo àádọ́rùn-ún ọdún, wọ́n bá tiwọn lọ. Khmer ṣì wà.

April 17, 1975 ni ikú ilé wọ Phnom Penh, olú-ìlú Kàmbódíà. Khmer Rouge lorúkọ wọn, Pol Pot lolórí wọn, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n lé gbogbo ará ìlú sígbó, títí kan aláìsàn orí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fòfin de owó, wọ́n fòfin de ọjà. Oko ìrẹsì ni kí gbogbo ayé máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ya Angkor Wat, iṣẹ́ ọwọ́ baba ńlá, sára àsíá wọn! Wọ́n ní hẹ́kítà kan gbọ́dọ̀ mú tọ́ọ̀nù ìrẹsì mẹ́ta wá. Wọ́n kó ìrẹsì lọ, omi rẹ̀ lásán ló kù fún ẹni tó gbìn ín. Kó tó di January 1979 tí ọmọ-ogun Vietnam lé wọn, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ènìyàn tó kú.

Ẹnìkan á ní, bọ́ǹbù Amẹ́ríkà tó ń rọ̀ lé wọn lórí títí di 1973 ńkọ́? Ó dáa tẹ́ ẹ béèrè. N kò fi òwe bo ẹ̀ṣẹ̀ ará ìta mọ́lẹ̀. Bọ́ǹbù náà wà lára ohun tó la ògiri lẹ́nu. Ṣùgbọ́n alángbá tó wọlé, inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí.

Torí náà, bí aṣáájú kan bá ń fi ògo baba ńlá yín pè yín sóko, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ni yóò jẹ ìrẹsì.

Ilé ìwé girama ni Tuol Sleng ní Phnom Penh tẹ́lẹ̀, kí àwọn Khmer Rouge tó sọ ọ́ di túbú. Ó kéré tán, ẹgbẹ̀rún méjìlá ènìyàn ló bá ibẹ̀ lọ. Duch tó ń darí rẹ̀, tí ilé ẹjọ́ sọ sẹ́wọ̀n gbére ní 2012, tíṣà ìṣirò ni tẹ́lẹ̀.