Ọjọ́ Mẹ́sàn-án ní Tokyo, Ìtẹríba Títí Ayé

Ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí ilẹ̀ Japan fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì fi méjì nínú mẹ́sàn-án náà sun àárẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí mo lọ kí i kú àbọ̀, mo na ọwọ́ sí i bí a ti máa ń ṣe láti ìgbà èwe wa, ṣùgbọ́n dípò kí ó gbà á, ńṣe ni ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó lẹ ọwọ́ mọ́ itan, ó sì rọra tẹ̀ láti ìbàdí bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà lórí. Mo rò pé nǹkan ló já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ kí n bá a wá a. Orí wa gbá ara wọn, ó ró gbì.

Bí ó ti ń fọwọ́ ra iwájú orí ni ó ń ṣàlàyé fún mi pé ìtẹríba ní ìwọ̀n: dígíríì 15 wà fún ojúlùmọ̀ tí a kàn pàdé, 30 wà fún oníbàárà tàbí ọ̀gá, 45 sì wà fún ọpẹ́ oore ńlá tàbí ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Kò parọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun níbẹ̀. Mo wá béèrè pé èwo ni ó fi kí èmi. Ó ní 15 ni. Ẹ gbọ́ o, ọ̀rẹ́ ogún ọdún, dígíríì 15!

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Ó ti di oge ní gbogbo ayé báyìí pé kí ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ onílẹ̀ má ṣe padà wálé láìmú àṣà kan lọ́wọ́. Mo mọ ohun tí ó fà á. Àṣà kò wúwo nínú báàgì, kì í fọ́ lójú ọ̀nà, àwọn aṣọ́bodè kì í sì í gba owó lé e lórí. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá re àjò a máa bu ẹ̀bùn bọ̀ wá fún ará ilé. Ti ìsinsìnyí, ìwà ni wọ́n ń mú bọ̀, tí wọ́n á sì fi máa bá ará ilé wí.

Kí n tó jókòó, ó ní kí n bọ́ bàtà. Èyí kò burú. Ní ilé àwọn ará Japan, àyè kan wà ní ẹnu-ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní genkan, tí ó sábà máa ń rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Ibẹ̀ ni bàtà ń gbé, wọn a sì kọ orí rẹ̀ sí ìta kí ó lè rọrùn láti wọ̀ bí a bá ń lọ. Ìdí pàtàkì wà fún un, nítorí orí ẹní tatami ni wọ́n ti máa ń jókòó, tí wọ́n sì ti máa ń sùn láti ayébáyé, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ìgboro bá òun dé ibi orí. Mo bọ́ bàtà mi, mo kọ orí rẹ̀ síta, mo fi ìbọ̀sẹ̀ funfun tẹ ilẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kò tíì fi ìgbálẹ̀ kan ilẹ̀ ilé rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìrìn-àjò. Nígbà tí mo fi dé ìdí àga, ìbọ̀sẹ̀ mi ti di aláwọ̀ eérú, mo sì ti gbé ìdérí ìgò kan dání láàárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Ìgbà náà ni ó yé mi pé bàtà tí mo bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni ó ti ń dáàbò bò.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ilé-ìwé Japan ń fi ọwọ́ ara wọn gbá kíláàsì wọn. Láti ìgbà ìdíje ife àgbáyé bọ́ọ̀lù tí ó wáyé ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1998 ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù wọn ti ń ṣa ìdọ̀tí ní pápá ìṣeré kí wọ́n tó lọ sùn, àní ní Qatar ní ọdún 2022, wọ́n ṣa ìdọ̀tí lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìṣíde tí orílẹ̀-èdè wọn kò tilẹ̀ kópa nínú rẹ̀. Ìtẹríba ni ọ̀rẹ́ mi dì sínú ẹrù. Ìgbálẹ̀ kò rí àyè.

Ẹ má rò pé àìsàn òde òní ni. Ní ọdún 1608, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Thomas Coryat rin ìrìn-àjò lọ sí Venice, ẹsẹ̀ ni ó sì fi rin púpọ̀ nínú ìrìn náà. Ní Ítálì ni ó ti rí i tí àwọn ènìyàn ń fi fọ́ọ̀kì di ẹran mú bí wọ́n bá ń gé e, ohun tí àwọn ará ìlú tirẹ̀ kì í ṣe. Nígbà tí ó délé, kò yéé yọ fọ́ọ̀kì rẹ̀ níwájú èrò, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1611. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ ọ́ ní Furcifer nídìí tábìlì, ọ̀rọ̀ Látìn tí a lè pè ní ẹni tí ó gbé fọ́ọ̀kì, tí ó sì tún jẹ́ èébú fún ìpáǹle. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn Coryat díẹ̀: ó sọ ìdí ọ̀rọ̀, pé ìka gbogbo ènìyàn kò mọ́ bákan náà. Ẹni tí ó bá mú àṣà wálé pẹ̀lú ìdí rẹ̀, n kò ní bá a jà. Ti Peter, ọba Rọ́ṣíà, ni ó le jù. Nígbà tí ó ti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù dé ní ọdún 1698, òun fúnra rẹ̀ ni ó mú irin tí ó ń gé irùngbọ̀n àwọn ìjòyè rẹ̀, lẹ́yìn náà ó bu owó orí lé irùngbọ̀n. Ẹ̀yin tí ọ̀rẹ́ yín kàn ní kí ẹ bọ́ bàtà, ẹ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí tí àṣà onílẹ̀ ti bá wọn nílé. Ní ọdún 2016 ni ọ̀rọ̀ àwọn ará Dẹ́nmárkì kan, hygge, gba ìgboro kan débi pé àwọn tí ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì fi í sára àwọn ọ̀rọ̀ tí ó lókìkí jù lọ lọ́dún náà. Ìtura ìjókòópọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àbẹ́là sì ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ní Copenhagen, nínú oṣù Kejìlá, nǹkan bí wákàtí méje péré ni ojúmọ́ fi ń mọ́, oòrùn á sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹni tí ó bá tan àbẹ́là níbẹ̀ kò ṣe àṣejù. Obìnrin kan tí mo mọ̀ wá pè wá sí ìjókòó hygge ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ń ran bí iná alágbẹ̀dẹ. Ó fa aṣọ fèrèsé pa kí òkùnkùn lè wà, ó tan àbẹ́là mẹ́rìnlá, ó sì pín ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Òógùn bò wá. Ẹnì kan fẹ́ dá àpárá kí ara lè tu wá, ṣùgbọ́n ó fi ìka sí ètè, nítorí pé ó ń ya fọ́nrán ìtura wa lọ́wọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì ó ní òun ti kúrò nídìí hygge, òun ti kọjá sí lagom ti àwọn ará Swídìn, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí ohun gbogbo wà níwọ̀n, kí ó má pọ̀ jù. Ìwé mẹ́fà ni ó rà lórí rẹ̀.

Ti oorun ọ̀sán àwọn ará Spéìn kò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn tí wọ́n yá a lò mọ̀ dájú pé ìsọ̀ a máa tì ní nǹkan bí aago méjì. Wọn kò gbọ́ pé ó tún ń ṣí padà ní aago márùn-ún títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹni tí ó ti Jámánì dé ní tirẹ̀ kó àkókò wálé. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi nítorí pé mo fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ní ọdún 2024, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ọkọ̀ ojú irin ọ̀nà jíjìn Jámánì tí ó pẹ́ kí ó tó dé ibùdókọ̀. Stuttgart ni ó gbé, níbi tí ayálégbé ti máa ń gba àtẹ̀gùn gbígbá lọ́wọ́ ara wọn lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀, tí wọn a sì fi pátákó kọ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹni tí ó kàn. Mo bi í léèrè nípa èyí. Ó ní òun kò rántí. Ẹ bá mi wò ó, kí ni ìgbálẹ̀ ṣe fún àwọn arìnrìn-àjò?

Wọn kò sì ní jẹ́ kí a sinmi lórí èyí tí wọ́n rántí. Wọ́n á ní àwọn ará Faransé máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì bí wọ́n bá ń kí ara wọn, bí ẹni tí ó ka òfin. Ìlú kan ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan, òmíràn ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kò sì dọ́gba, débi pé àwọn ọmọ onílẹ̀ pàápàá máa ń fi imú gbá ara wọn.

Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, àwa mẹ́ta jẹun ní ilé oúnjẹ kan: èmi, ọ̀rẹ́ mi ti Japan, àti ẹnì kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Tehran dé. Taarof, àṣà ìbọ̀wọ̀fúnni àwọn ará Iran, ni ẹni ti Tehran fi kún etí wa títí oúnjẹ fi tán. Ó ní awakọ̀ takisí níbẹ̀ lè sọ fún èrò pé owó ọkọ̀ kò tó nǹkan lójú òun, pé kí ó máa lọ, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí kì í sọ̀ kalẹ̀ láìsan án. Pé ẹni tí wọ́n bá fi nǹkan lọ̀ yóò kọ́kọ́ kọ̀, wọn yóò tún fi lọ̀ ọ́, yóò tún kọ̀, títí dé ẹ̀ẹ̀kẹta, kí òótọ́ inú tó jáde. Nígbà tí ìwé owó dé, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n san án, àlejò mi ni yín.” Èmi tí mo ti gba ẹ̀kọ́ dáhùn pé, “Rárá o, kò ṣeé gbọ́ sétí.” Mo ti ń to ìkọ̀sílẹ̀ kejì lẹ́nu nígbà tí ó ní, “Ó dáa,” tí ó sì ti ti pọ́ọ̀sì rẹ̀ padà sápò. Mo yíjú sí ọ̀rẹ́ mi. Ó ti dìde, ó ti pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó ti lẹ ọwọ́ mọ́ itan, ó sì ti tẹ̀ dé dígíríì 45 gbáko, ti ọpẹ́ oore ńlá. Orí rẹ̀ kò gòkè títí mo fi san owó náà tán.