Ọlọ́pàá tí kò gbé ìbọn: ìgbàgbọ́ kan nípa Ìlú Ọba tó yẹ kí a tún yẹ̀ wò

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé kí ọlọ́pàá fìyà jẹ aláwọ̀ dúdú títí ẹ̀mí rẹ̀ yóò fi bọ́, ọ̀ràn Amẹ́ríkà ni. Nígbà tí fídíò ikú George Floyd, aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà kan pa, tàn ká ayé ní ọdún 2020, mo gbọ́ ọ lẹ́nu tọmọdé tàgbà pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Ọba, nítorí pé àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ kì í gbé ìbọn, ẹ̀sọ̀ ni wọ́n sì fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n tún máa ń fi kún un pé ẹni tó bá ní ìwé ìgbélùú, tó gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, tí kò sì rú òfin, kò ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Òótọ́ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ kì í gbé ìbọn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ọlọ́pàá má gbé ìbọn, ọ̀tọ̀ ni kí ó ṣàánú, ikú ẹni méjì tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá sì ti fi èyí hàn.

Èkó ni wọ́n ti bí David Oluwale ní ọdún 1930. Ní ọdún 1949, ó yọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi kan tó lọ sí Hull, ìlú èbúté kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n fún ọjọ́ 28 nítorí pé kò san owó ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ìgbà náà ka ẹni tí wọ́n bí ní Èkó sí ọmọ ìlú tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Leeds, ìlú mìíràn níbẹ̀, ló fìdí kalẹ̀ sí. Ní ọdún 1953, wọ́n tún fi í sẹ́wọ̀n, wọ́n sì gbé e láti ibẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Menston, ọdún mẹ́jọ ló sì lò níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kò rílé gbé, kò sì ríṣẹ́ tó dúró ṣe, ó wá di ẹni tó ń sùn sí ẹnu ọ̀nà àwọn ṣọ́ọ̀bù àárín ìlú. Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá méjì, Geoffrey Ellerker tó jẹ́ ìńsípẹ́kítọ̀ àti Kenneth Kitching tó jẹ́ sájẹ́ǹtì, ti máa ń wá a kiri lóru. Wọ́n a lù ú, wọ́n a gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n a sì lọ já a sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1969, wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú odò Aire tó gba Leeds kọjá, wọ́n sì sin ín sínú ibojì tí wọ́n ń sin àwọn tálákà pọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí síbẹ̀ bí kì í bá ṣe pé ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé kóòtù ní ọdún 1971, adájọ́ pàṣẹ kí wọ́n dá àwọn méjèèjì láre lórí ẹ̀sùn pé wọ́n fa ikú rẹ̀, ẹ̀sùn lílù nìkan ni wọ́n dá wọn lẹ́bi lé lórí. Ellerker gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, Kitching gba oṣù 27. Nínú ìwé àwọn ọlọ́pàá, níbi tó yẹ kí wọ́n kọ orílẹ̀-èdè Oluwale sí, èébú tí wọ́n fi ń pe aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìwé yẹn dùn mí ju lílù náà lọ. Ẹni tó ń lu ènìyàn lè sọ pé inú ló bí òun, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ èébú yẹn jókòó, ó mú gègé, ó kọ ọ́, kò sì bẹ̀rù pé ọ̀gá kankan yóò bi òun léèrè.

Ẹlòmíràn lè sọ pé aláìsàn tí kò nílé ni Oluwale, àti pé ó ti pẹ́. Olaseni Lewis kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 23 tó ti gboyè ní yunifásítì ni, àwọn òbí rẹ̀ fúnra wọn ló sì wá ìtọ́jú fún un ní ọdún 2010 nígbà tí ara rẹ̀ kò yá, tó fi dé ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ Bethlem ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó fẹ́ padà sílé, tí wọn kò sì jẹ́ kó lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá 11 ló dà á dojú bolẹ̀, tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é lọ́wọ́, tí wọ́n sì de ẹsẹ̀ rẹ̀, fún àkókò tó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Kò jí mọ́. Kò sí ìbọn nínú ikú yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ti Oluwale.

Apá kan ìgbàgbọ́ yìí tún wà tó lágbára ju ti ìbọn lọ, èyíinì ni pé òfin Ìlú Ọba a máa tún ara rẹ̀ ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo. Nígbà ayé Oluwale, ọlọ́pàá ló ń wádìí ọlọ́pàá. Òfin ọdún 1976 ló kọ́kọ́ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ẹ̀sùn tí ará ìlú bá fi kàn wọ́n. Ní ti Olaseni, ọdún keje lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìwádìí kóòtù tó parí. Àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ọ sọ pé agbára tí àwọn ọlọ́pàá lò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì wà lára ohun tó fa ikú rẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò fi ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọlọ́pàá náà sẹ́wọ̀n. Àwọn òbí rẹ̀ kò jókòó. Wọ́n ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́, títí Steve Reed, aṣòfin kan láti Croydon, fi gbé àbá òfin kan lọ sí ilé ìgbìmọ̀. Òfin náà jáde ní ọdún 2018, orúkọ Seni tí wọ́n ń pe ọmọ náà ni àwọn ènìyàn sì fi ń pe òfin yìí. Ó ní kí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ máa kọ ìgbà tí wọ́n bá fi agbára mú aláìsàn sílẹ̀, kí ọlọ́pàá tí wọ́n bá sì pè síbẹ̀ gbé kámẹ́rà kọ́ra, bí ó bá ṣeé ṣe. Lóṣù Kẹwàá ọdọọdún, àwọn ìdílé tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí máa ń wọ́de láti Trafalgar Square lọ sí ẹnu ọ̀nà olórí ìjọba, pẹ̀lú àwòrán àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́.

Ní Leeds, àwọn ará ìlú, dúdú àti funfun, ló kọ̀ kí orúkọ Oluwale parẹ́. Wọ́n gbé àmì ìrántí rẹ̀ kọ́ sára afárá Leeds ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n sì jí i gbé lóru ọjọ́ náà gan-an. Wọ́n ṣe òmíràn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ìlú náà ṣí afárá tuntun kan fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, lórí odò Aire tí wọ́n ti yọ òkú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní afárá David Oluwale.